Ọdẹ́rìnlọ àti Àpótí tó Ń Sọ̀rọ̀ ní Ìlú Ẹ̀ẹ̀kan-Síi

Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó wú u tán báyìí. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kó lọ mu omi, kó sì tètè padà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò mọ ìdúró. Bó bá ti gbéra, ó di ibi tó ń lọ. Èmi fúnra mi ti di arúgbó ọdẹ. Eyín tí mo fi ń fọ́ eegun ìmàdò nígbà kan rí ti ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n kì í darúgbó. Ẹ máa wo ẹnu mi.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìnlọ ará Ìdí-Arère, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń sọ bó ṣe pa ẹkùn, ẹkùn náà á máa tóbi sí i bí ẹmu bá ṣe ń dínkù nínú agbè. Kò sí igbó tí kò ní òun ti wọ̀ rí. Kò sí iwin tí kò ní òun ti gbá létí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá sọ ẹyọ kan, ẹ ó rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwẹ̀ró ní àbúrò kan ṣoṣo, Ọ̀jẹ́lékè. Ọmú ni ọmọ náà ṣì ń mu nígbà tí ìyá wọn kú, Àwẹ̀ró ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó dàgbà, ó dára lọ́mọkùnrin, ó wá di onítẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ tirẹ̀ kò sì láàlà. Bí ẹ̀yin bá rí ìgbín méjì lára ògiri, ọbẹ̀ lẹ ó rí. Ọ̀jẹ́lékè á ní, "Èwo nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ dé òkè? Ẹ wá ká ta á!" Nígbà tí gbogbo Ìdí-Arère kọ̀ láti bá a ta mọ́, ó gbọ́ pé ìlú kan wà lẹ́yìn àwọn igbó iwin, ìlú tí onítẹ́tẹ́ kì í ti í wá ẹnìkejì tì. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń gún iyán lọ́wọ́, ẹyẹ àlùkò kan bà lé orí ògiri ilé ìdáná. Ó tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ ń kí ọ o. Kò lè wá fúnra rẹ̀, ó ti di àpótí. Ìlú Ẹ̀ẹ̀kan-Síi ló wà, níwájú Apínmátàn tó ń pín káàdì. Àwọn àlejò ni wọ́n ń gbé e fún láti jókòó. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìdí àwọn àlejò wúwo."

Ó fò lọ. Àwẹ̀ró gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó ń fi òróró pa ìbọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Ìdòwú, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Alẹ́ àná lẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé kò sí ìlú iwin tí ẹ ò lè wọ̀ kí ẹ sì jáde bí ẹni ń jáde nílé àna."

"Ìyá Ìdòwú, ẹmu ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹmu ò ní ẹnu. Ẹnu yín ló yá lò. Tí ẹ ò bá ní lọ, èmi á lọ."

Ó ti ń gba ọ̀já mọ́nú bó ti ń sọ ọ́. Ọdẹ́rìnlọ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n débi pé ọ̀já kọ̀, kò so. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò rí i kí ọwọ́ Àwẹ̀ró gbọ̀n rí. Ó dìde, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ẹ̀yin ará mi, ẹnu ọdẹ ló máa ń mú ọdẹ wọ igbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ dé.

Igbó àkọ́kọ́ tó wọ̀, igi ibẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́. Bó ti tẹ ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ ló gbọ́ tí ìrókò kan pariwo lókè pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa gbé!" Àràbà kan dá a lóhùn, "Irọ́ ni, òsì ni!" Ọdẹ́rìnlọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Inú bí àràbà, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan, ó sọ ọ́ lù ú lórí. Ó gbé tòsì. Ìrókò náà ṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè gbé tí orí kò ní í fi gba ìyà. Ọkùnrin náà dúró, ó ronú. Ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Igi ọsàn kékeré kan ní, "Èyí ńkọ́? Ta ló jẹ?" Kò sí igi tó mọ̀ ọ́n. Ni wọ́n bá dojú ìjà kọ ara wọn, ewé ń fò, èèpo ń ya, Ọdẹ́rìnlọ sì ń fò lọ láàrin wọn, ìbọn ń gbá a nídìí, àpò ń gbá a láyà, títí ó fi já síta. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọdẹ kò le, kó dìde ńbẹ̀ yẹn, kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí agbo yìí ká, ká wò ó.

Nígbà tó dé ẹnu igbó kejì, ìyá arúgbó kan ló bá níbẹ̀. Irun rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, ó fi jókòó bí ẹní. Agbọ̀n ńlá kan wà níwájú rẹ̀, aṣọ bò ó lójú, adìyẹ sì ń ké nínú rẹ̀.

"Ọdẹ, níbo lò ń lọ?"

"Mo kí yín o, ìyá. Ìlú Ẹ̀ẹ̀kan-Síi ni."

"Kí n tó jẹ́ kí o kọjá, gbọ́ èyí. Àkùkọ márùn-ún àti àgbébọ̀ márùn-ún ló wà nínú agbọ̀n yìí." Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: àgbébọ̀, àgbébọ̀, àkùkọ, àgbébọ̀, àgbébọ̀. Wọ́n gbọn ara wọn, wọ́n wọgbó lọ. "Èyí tí mo fẹ́ fà báyìí, akọ ni tàbí abo? Tí o bá gbà á, kọjá. Tí o bá ṣì í, ìwọ lo máa pọ̀n mí la igbó yìí já."

Ọdẹ́rìnlọ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Abo mẹ́rin ti jáde, ó ku ẹyọ kan péré. Akọ kan ló jáde, ó ku mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ariwo. Ó wú àyà, ó ní, "Akọ ni, ìyá. Ọmọdé ló máa ṣi èyí."

Ìyá arúgbó fa ọwọ́ jáde. Àgbébọ̀ ni, ó tilẹ̀ yé ẹyin sí ìyá náà lọ́wọ́.

"Ẹ rẹ́ mi jẹ!"

"Bojú wo inú agbọ̀n."

Ó bojú wò ó. Àkùkọ mẹ́rin ń wò ó láti ìsàlẹ̀ bí àwọn àna tó ń wo ẹni tó pẹ́ kó tó mú ẹrù ìyàwó dé.

"Ìdáhùn rẹ tọ̀nà," ìyá náà wí. "O sì pàdánù. Ọjọ́ kan náà ni ohun méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ séèyàn. Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Ó gun ẹ̀yìn ọdẹ. Ó wúwo bí odó. Kò tíì rin jìnnà nígbà tí ìyá náà súfèé, àwọn adìyẹ fò padà sínú agbọ̀n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bi í, "Akọ tàbí abo?" Bó bá gbà á, ìyá náà á fúyẹ́ díẹ̀. Bó bá ṣì í, á wúwo sí i. Níbẹ̀rẹ̀, inú ló ń bí Ọdẹ́rìnlọ, ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ló ń sọ, títí orúnkún rẹ̀ fi ń wọ́ ilẹ̀. Nígbà tó rí i pé àyà fẹ́ pín sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó ti jáde kó tó dáhùn. Ó ṣì ń ṣì í nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n gbígbà ju ṣíṣì lọ, ẹrù sì ń fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa la igbó já, ìyá náà ti fúyẹ́ bí òwú, ọdẹ ló ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

"Ẹni tó bá mọ ohun tó ti jáde, ó mọ díẹ̀ nínú ohun tó kù," ni ìyá arúgbó wí létí rẹ̀. "Díẹ̀ ni mo wí o. Má sì bínú sí ẹyọ kan. Ẹyọ kan kò mọ̀ ọ́ rí." Ọdẹ tú ọwọ́. Atẹ́gùn gbé e, tòun ti agbọ̀n, tòun ti adìyẹ.

Kò sí ẹni tó lè ṣi ìlú Ẹ̀ẹ̀kan-Síi mọ̀. Gbogbo ilé ibẹ̀, ìdajì òrùlé ni wọ́n ní, nítorí akọ́lé ní òun fẹ́ lọ ta ẹ̀ẹ̀kan síi kí òun tó parí rẹ̀. Ọbẹ̀ ń jó lórí gbogbo ààrò. Bí àwọn iwin bá pàdé, ọ̀kan á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan síi!" èkejì á dáhùn, "Péré!" Owó kọ́ ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Ohun tó wà lára wọn ni. Ọdẹ́rìnlọ rí iwin kan tí irùngbọ̀n hù sí níwájú orí, ibi tó rí ààyè fi sí lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó rí òmíràn tó ní òjìji mẹ́ta, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa ṣáájú.

Lábẹ́ igi ńlá kan láàrin ọjà ni Apínmátàn jókòó sí. Ẹnu rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ìka rẹ̀ sì pọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Káàdì ń ṣàn láàrin ìka wọ̀nyẹn bí omi.

"Àlejò! Ẹ gbé àpótí fún àlejò."

Wọ́n gbé àpótí dé. Ọdẹ́rìnlọ jókòó, ó fi gbogbo ara rẹ̀ lé e.

"Yéè!" ni ohùn kan wí lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n."

Ọdẹ́rìnlọ fẹ́ dìde.

"Ẹ má dìde! Ẹ má wolẹ̀, wọn á fura."

Ọdẹ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. "Ọ̀jẹ́lékè?"

"Èmi ni. Báwo ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin?"

"Ó ní tí mo bá rí ọ, kí n kọ́kọ́ fọ́ ọ létí."

"Ó ṣì fẹ́ràn mi nìyẹn," ni àpótí wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọ̀jẹ́lékè ti là á yé e lábẹ́lẹ̀. Orúkọ ayò náà ni Mọ́kànlélógún. Káàdì méjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ pín fún ọ, wàá ro iye wọn pọ̀. Bí o bá fẹ́, o lè fà síi. Ẹni tó bá súnmọ́ mọ́kànlélógún jù ló jẹ. Ẹni tó bá ré e kọjá ti bẹ́. Ọba, ayaba àti ẹ̀ṣọ́, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Olójúméjì, bó o bá fẹ́ kó jẹ́ oókan, oókan ni. Bó o bá fẹ́ kó jẹ́ mọ́kànlá, mọ́kànlá ni. Apínmátàn á ṣí ọ̀kan nínú tirẹ̀ sílẹ̀, á dojú èkejì dé.

"Òfin dè é," ni àpótí wí. "Bí tirẹ̀ kò bá tíì pé mẹ́tàdínlógún, tipátipá ló fi máa fà síi. Bó bá ti pé e, ó gbọ́dọ̀ dúró."

"Ìwọ ńkọ́? Òfin wo ló dè ọ́?"

"Kò sí. Ohun tó sọ mí di àpótí nìyẹn."

Ọdẹ́rìnlọ kò jẹ́ fi ohun ńlá bẹ̀rẹ̀. Híhan tó ń han-anrun lójú oorun ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Ó ní mẹ́rìndínlógún, ó fà síi, ó bẹ́. Lójú ẹsẹ̀, iwin onírùngbọ̀n iwájú orí tó dúró ti Apínmátàn bẹ̀rẹ̀ sí í han-anrun lórí ìdúró, krr, krr, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún fi sísín rẹ̀ lélẹ̀, ìyẹn náà lọ. Ó jẹ ẹ̀kẹta, wọ́n gbé ìrù kan fún un. Kò mọ ibi tó máa fi sí, ó so ó mọ́ àpò.

Bó ti ń ta ayò lọ́wọ́, ojú ọdẹ ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé káàdì tí wọ́n bá ti lò, inú igbá kan ni Apínmátàn ń dà á sí. Kì í kó o padà kí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ara Ọdẹ́rìnlọ bù máṣọ. Adìyẹ ìyá arúgbó kọ́ nìyí? Ohun tó ti jáde ti jáde. Bí àwọn kéékèèké bá ti lọ púpọ̀, àwọn ńláńlá ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Bí àwọn ńlá bá sì pọ̀, ta ni wọ́n ń pa lára? Apínmátàn ni, ẹni tí òfin ń lé pé kó fà síi. Ọdẹ ní tirẹ̀ lè dúró níbi tó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa rántí gbogbo wọn? Ẹ wo ọgbọ́n tí ọ̀gá mi dá. Ó fọkàn gbé igbà, ó fọkàn kọ́ ọ mọ́ igi ọ̀pẹ kan. Bí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà bá jáde, ó gun òkè ní ìṣísẹ̀ kan. Bí mẹ́wàá, ọba, ayaba, ẹ̀ṣọ́ tàbí Olójúméjì bá jáde, ó sọ̀kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ méje, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ó dúró, ó nu òógùn. Bó bá wà nílẹ̀, ohun yẹpẹrẹ ló ń fi lélẹ̀: kókó ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrora orúnkún rẹ̀. Bó bá ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ tó ń gbóòórùn ẹmu, ìgbà yẹn ló ń fi ohun gidi lélẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara kò mọ̀ pé ọkàn nìkan ló ń gun ọ̀pẹ. Orúnkún ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ afẹ́fẹ́. Àpótí ń mì lábẹ́ rẹ̀, ó ń kérora. Apínmátàn tẹjú mọ́ ọn.

"Àlejò, kí lò ń gùn?"

"Àìsàn ìdílé wa ni. Bàbá mi náà ṣe é kú."

Wọ́n káàánú rẹ̀, eré sì ń lọ.

Nígbà tó yá, ó gòkè gan-an. Ó wá rò pé àkókò tó. Ó fi ẹ̀rín rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ọdẹ́rìnlọ nígbà náà, ẹ ò gbọ́ ẹ̀rín rí. Ẹ̀rín náà a máa bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn bí òkúta tó ń yí bọ̀ láti orí òkè, bó bá sì dé ẹnu, ajá a sá, ọmọ ọwọ́ a bá a rín in láìmọ ìdí. Wọ́n pín káàdì. Ọba àti ayaba bọ́ sí i lọ́wọ́: ogún! Ó dúró. Mẹ́fà ni Apínmátàn ṣí sílẹ̀. Ó ṣí èkejì: márùn-ún. Ó fà síi: ọba. Mọ́kànlélógún.

Ohun kan fà yọ nínú ikùn Ọdẹ́rìnlọ bí ìgbà tí a fa iṣu tu. Onírùngbọ̀n iwájú orí ta jí láti ojú oorun, ó la ẹnu, ẹ̀rín Ọdẹ́rìnlọ sì bú jáde níbẹ̀. Ẹyẹ tú lórí igi. Gbogbo ọjà rín in mọ́ ọn. Olóhun nìkan ni kò lè rín in.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí i. Ó fẹ́ fi ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì gba gbogbo rẹ̀ padà. Ṣé kì í ṣe pé òun ṣe é bó ti yẹ? Ṣé ogún kì í ṣe ogún? Ìgbà náà ló rántí ìyá arúgbó lẹ́yìn rẹ̀: ẹyọ kan kò mọ̀ ọ́ rí. Ó fi èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì ń ta á lọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ó jẹ díẹ̀, ó pàdánù díẹ̀. Mẹ́ta jáde, mẹ́rin jáde, méjì, márùn-ún, méjì. Ó ń gùn, ó ń gùn. Ó wo ìsàlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, kò rí ilẹ̀ mọ́. Imọ̀ ọ̀pẹ ń họ ọ́ létí. Ó kó ohùn rẹ̀ jọ, ó ní:

"Apínmátàn, mo fẹ́ àpótí tí mo jókòó lé yìí."

Ariwo ọjà lọ sílẹ̀.

"Èèyàn nìyẹn," Apínmátàn wí. "Èèyàn la fi ń ta èèyàn. Kí lo máa fi lélẹ̀?"

"Ara mi."

Àpótí gbọ̀n rìrì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jókòó lé yín lórí? Ẹ̀yin tí ara yín gbẹ báyìí!"

Wọ́n pín in. Ọdẹ́rìnlọ gbé tirẹ̀ wò: ọba àti mẹ́ta. Mẹ́tàlá. Apínmátàn ṣí tirẹ̀ sílẹ̀: mẹ́fà.

"Fà síi!" ni gbogbo ọjà ké. "Fà síi! Mẹ́tàlá kì í jẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà síi!" ni àpótí náà ké, kò tilẹ̀ rántí pé òun ń fara pamọ́ mọ́. "Ọkàn mi ń sọ fún mi pé mẹ́jọ ló ń bọ̀! Mo ń rí i bí mo ṣe ń rí ilẹ̀ yìí!"

"Ọkàn yẹn náà ló sọ ọ́ di àpótí. Dákẹ́."

Òógùn ń ṣàn wọ Ọdẹ́rìnlọ lójú. Mẹ́tàlá kéré lóòótọ́. Ó rí ara rẹ̀ bí àpótí, ìdí onírùngbọ̀n lórí rẹ̀, ẹ̀rín ara rẹ̀ tó ń dún lókè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rí ọ̀já tó kọ̀ tí kò so. Ṣùgbọ́n ó wo orí ọ̀pẹ tó wà. Àwọn ńlá ló kù síbẹ̀. Bí òun bá fà síi, òun lè fọwọ́ ara òun bẹ́. Bí òun kò bá fà, Apínmátàn ni òfin máa lé lọ síbi tí wọ́n wà.

"Mo dúró."

Ọjà dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ ọbẹ̀ tó ń jó ní ilé kẹta. Apínmátàn ṣí èkejì. Ayaba. Mẹ́rìndínlógún. Kò fẹ́ fà síi, gbogbo ìka rẹ̀ ló fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ìka kan ṣoṣo nà jáde, ó fa káàdì kan, ó ṣí i.

Ẹ̀ṣọ́ ni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Apínmátàn wú, ó wú, ó dà bí ìkòkò, ó wá bẹ́: pòó! Fìlà rẹ̀ fò lọ kọ́ sórí igi. Ní àkókò kan náà, Ọdẹ́rìnlọ bá ara rẹ̀ nílẹ̀, nítorí àpótí tó jókòó lé ti di èèyàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fọwọ́ àti orúnkún kúnlẹ̀, tó ń na ẹ̀yìn, tó ń ní, "Yéè, ẹ̀yìn mi o, ẹ̀yìn mi."

Apínmátàn so ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó fi ohùn dídùn pe ọdẹ. "Ẹ̀rín rẹ ńkọ́? Fi àna rẹ lélẹ̀, kí n fi ẹ̀rín lélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan síi péré." Ó ń kó gbogbo káàdì jọ láti inú igbá, ó fẹ́ pò wọ́n pọ̀.

"Má pò ó," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Ká máa bá a lọ láti ibi tó dé."

Ìka gbogbo dúró. "Kí ló dé tí o kò fẹ́ kí n pò ó?"

Ẹnu ọdẹ, ẹ̀yin ará mi, ẹnu ọdẹ.

"Ó ń kà wọ́n!" Apínmátàn fò dìde. "Ẹ gbà mí o! Ó ń kà wọ́n!"

"Òfin wo ló ní kí n má kà wọ́n? Gbangba lo ṣí wọn sílẹ̀. Ojú ni mo fi wò, orí ni mo fi rántí. Ṣé kí n fi orí sílẹ̀ lẹ́nu ibodè ni?"

"Kò sí òfin náà tẹ́lẹ̀. Ó ti wà báyìí. Mo máa pò ó. Bí o bá fẹ́ ẹ̀rín rẹ, ta á bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá fẹ́, jáde."

Ọdẹ́rìnlọ wo káàdì tó ń pò pọ̀. Ọ̀pẹ ti wó. Kò mọ ohun tó wà lókè, kò mọ èyí tó wà nísàlẹ̀. Onírùngbọ̀n wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rín rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dun ọdẹ dé eegun.

"Ẹ̀gbọ́n," Ọ̀jẹ́lékè fà á láṣọ, ojú rẹ̀ ń dán, "ẹ fi mí ta á. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ yín ń gbóná? Ẹ̀ẹ̀kan síi péré!"

Ọdẹ́rìnlọ di etí rẹ̀ mú, ó fà á jáde nínú ìlú náà. Wọ́n gbẹ́ ojú Ọdẹ́rìnlọ sára ilẹ̀kùn ibodè wọn, wọ́n ní ẹni tí ojú rẹ̀ bá jọ èyí kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ láéláé. Ó máa ń fi ìyẹn yangàn, ó ní àwòrán náà kò tilẹ̀ jọ òun, òun dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú igbó, wọ́n jókòó sinmi. Nígbà tí ọdẹ wẹ̀yìn, Ọ̀jẹ́lékè ti já ewé, ó fi èékánná fa ilà sí wọn lára, ó ń pín in fún ara rẹ̀ àti fún kùkùté kan.

Ọdẹ́rìnlọ gba ewé lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ni ò ń wá nínú rẹ̀ gan-an, àna mi? Sọ òótọ́ fún mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo kùkùté náà. "Kì í ṣe jíjẹ. Bí mo bá jẹ, kì í dùn mọ́ mi pẹ́. Ìgbà tí káàdì bá ṣì dojú dé ni. Kò tíì dára, kò tíì burú. Ìgbà yẹn nìkan ni ọkàn mi ń balẹ̀."

Ọdẹ́rìnlọ mọ ìgbà náà. Òun gan-an ń rí i ní gbogbo ìgbà tí igbó bá mì, tí ẹran kò sì tíì yọrí. Ó ju ewé náà nù, ó sì fà á dìde.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ Ìdí-Arère. Àwẹ̀ró rí àbúrò rẹ̀. Ó gbá a létí, ó sì dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kó lọ títí iyán fi fẹ́ tutù. Gbogbo agbo ilé pé jọ. Ọ̀jẹ́lékè ń jẹun, ó ń sọ̀tàn: ìdí àwọn àlejò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Apínmátàn, àìsàn ìdílé tó ń mú ọdẹ gun afẹ́fẹ́. Wọ́n rín, wọ́n dùbúlẹ̀. Àwẹ̀ró rín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ kí wọ́n jọ rín in. Èjìká Ọdẹ́rìnlọ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ikùn rẹ̀ ń mì. Kò dún.

Ẹ̀rín kú mọ́ Àwẹ̀ró lẹ́nu.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ̀rín yín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó nù ún. Ó fi àgbọ̀n júwe Ọ̀jẹ́lékè tó na ọwọ́ sínú àwo.

"Òun ló ń jẹ iyán yẹn. Wọ́n ní kí n fi í ta tẹ́tẹ́ gba ẹ̀rín padà, mo kọ̀."

Ọwọ́ Ọ̀jẹ́lékè dúró sínú ọbẹ̀.

Ọ̀gá mi àti Ọ̀jẹ́lékè, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibí yìí ni olúkúlùkù wọn ti dákẹ́. Ibẹ̀ lèmi náà ti dákẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, kó nà án. Ẹ kú etí.